Òyìnbó Onírin àti Ìlà Agbọ̀n Ẹnu Ẹ̀rọ Wa

Ẹ̀dá-Oníyọ̀,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Mosúnmọ́lá, Àkànkẹ́ mi, ọmọ tó jọ ìyá mi bí ìgbà tí wọ́n pín imú kan náà lò,

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ nígbà tí awakọ̀ bá fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí? Èmi ni. Lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kan ibi tí kò dùn, o máa ń ní, "Bàámi, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa o, màá pè yín padà." Ìwé ò ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Jókòó, kí o kà á tán, kí o tó pe ìyá rẹ láti fi ẹjọ́ mi sùn.

Àlàáfíà la wà. Orúnkún ìyá rẹ ti sàn díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé iṣu tí o ní kí a tọ́jú fún ọ ti wà nílẹ̀, kí o rán ọkọ rẹ wá gbé e kí eku tó bá ọ jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ tí o wá sọ fún wa pé ẹgbẹ́ ti fà ọ́ kalẹ̀ láti du ipò alága káńsù, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ọmọ tí mo bí, tó dá ilé iṣẹ́ gaàrí sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹun níbẹ̀, òun ni wọ́n tún ní kó wá tukọ̀ ìlú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Àmọ́ ohun kejì tí o sọ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní kí n jẹ́ kí wọ́n lẹ àwòrán rẹ mọ́ ara ilé ẹ̀rọ wa àtijọ́ níbí. O ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹni tó bá mú káàdì ẹgbẹ́ yín lọ́wọ́, kí wọ́n máa bá a lọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì dá a lóhùn ṣáájú àwọn yòókù. O ní, "Bàámi, ìrànlọ́wọ́ ni." Mo ní màá dá ọ lóhùn tó bá yá, òun nìyí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ lónìí. Òmíràn nínú rẹ̀ ń rùn, nítorí náà fara balẹ̀.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, mo mọ ìwé kà jù gbogbo kíláàsì lọ, olùkọ́ wa sì fún mi ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ pupa. Ìtàn ìgbésí ayé òyìnbó kan ni, ará ìlú ọba, tó gbé ayé nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin kòkó. Orúkọ rẹ̀ gùn, ó le lẹ́nu, Òyìnbó Onírin ni èmi ń pè é. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló ń rọ, láti kékeré sì ni ọmọ yìí ti ń fi ẹwìrì fínná fún un. Ó dàgbà, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tí wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀rọ. Ó kọ́ òpópó mẹ́rin fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti máa gbé, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọgbà kékeré lẹ́yìnkùlé. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn, ó kọ́ ibi ìkàwé. Nígbà tó yá, wọ́n dìbò yàn án sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ń wọ rélùwéè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú fìlà gíga lórí. Nígbà ogun ńlá, ìjọba ní kó wá bá àwọn bójú tó ọ̀rọ̀ irin, lẹ́yìn náà ọba fi í joyè.

Ibi tí ìwé tèmi parí sí nìyẹn. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ìtàn parí sí o, ikán ló jẹ ìyókù. Mo gbé ìwé náà sínú àpótí ìyá mi tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìgbà tí n óò fi ṣí i, ikán ti fi ojú ewé tó gbẹ̀yìn ṣe oúnjẹ. Mi ò tilẹ̀ bìkítà. Mo ní ṣebí mo ti rí ibi tó dùn kà. Mosún, gbogbo àṣìṣe ńlá tí mo ṣe láyé, inú ọ̀rọ̀ yẹn ló ti wá. Mo ń ka èyí tó kù nínú ìwé náà lọ títí èèpo rẹ̀ fi já.

Mo bá ń ṣe bí Òyìnbó Onírin. Èmi ni mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wá sí Ẹ̀dá. Kó tó di ìgbà náà, àwọn obìnrin wa ń fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ lára páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, ìka gbogbo á bó. Mo ṣe ìbòòji fún wọn, mo gbẹ́ kànga síbẹ̀, mo gbé bẹ́ǹṣì sílẹ̀ kí ẹni tó ń dúró lè rí ibi jókòó. Ìyá rẹ ló ṣe òfin ibẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbé tirẹ̀ sí i lẹ́yìn. Bí o bá gbé agbọ̀n rẹ sílẹ̀, o lè padà sóko, o lè lọ wẹ ọmọ, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Agbọ̀n rẹ ń dúró dè ọ́. Àní ìyàwó ọba wá lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ kí i tẹ̀ríbatẹ̀ríba, ó sì fọwọ́ júwe ìdí ìlà fún un. Ìyàwó ọba rẹ́rìn-ín, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló gbé mi dé ipò kánsẹ́lọ̀. Wọ́n ní ẹni tó gba ìka wọn lọ́wọ́ páànù, òun ni yóò máa ṣojú wọn ní káńsù ní Iye. Ọmọ èèyàn! Kò tó oṣù mélòó kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà gọ̀bì lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gaàrí o! Ìyẹ̀fun á funfun lórí fìlà, màá máa gbọ̀n ọ́n dànù bí ẹni tí nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá rẹ á ní, "Ẹ kú ìnira, Ọnọrébù." Mi ò mọ̀ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ìbò ẹ̀ẹ̀kejì ń bọ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìwọ wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ ní Ìkọ̀lé, o ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ohun tí a sọ fún ọ nígbà náà ni pé ìbò mi ò tó. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀.

O mọ Ìyá Fọlá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fún ọ ní àgbàdo sísun. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ. Fọlá ọmọ rẹ̀ bímọ sílé ọkọ ní Igbole, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sì ti ń sún mọ́lé. Ní ìdílé wọn, gaàrí tí ẹni tó bímọ á kọ́kọ́ fi tẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti wá, láti inú oko tirẹ̀. Wọn kì í rà á lọ́jà. Òjò kò jẹ́ kó tètè rí ẹ̀gẹ́ wú, nítorí náà ọjọ́ yẹn ló kẹ́yìn fún un. Bó bá lọ̀ ọ́ lónìí, á gbé òkúta lé e, á fún un, á yan án, á lè bá ọjọ́. Agbọ̀n rẹ̀ méjì ló ṣáájú gbogbo agbọ̀n lórí ìlà. Àkùkọ àkọ́kọ́ ló bá a níbẹ̀.

Epo ẹ̀rọ wọ́n nígbà náà. Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì mi kò ju ohun tí yóò lọ ẹ̀gẹ́ àwọn tó wà nílẹ̀ lọ. Ibi tí mo ti fẹ́ tan ẹ̀rọ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dé láti Iye, ẹ̀gẹ́ bíbó kún un. Ìyàwó aṣáájú ẹgbẹ́ wa ló ni ín, wọ́n fẹ́ fi ṣe oúnjẹ ìpàdé. Obìnrin náà ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Kánsẹ́lọ̀, ẹ bá mi ṣe é kíákíá." Mo wo ìlà. Mo wo Ìyá Fọlá. Mo wá fẹsẹ̀ ti agbọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ lè rí ọ̀nà wọlé. Ẹsẹ̀ ni mo fi tì í, Mosún. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Epo tán nígbà tí ẹ̀gẹ́ inú ọkọ̀ tán. Ìyá Fọlá dúró títí di ìrọ̀lẹ́ bóyá epo á dé. Kò dé. Ẹ̀gẹ́ bíbó ò ṣe é fi pa mọ́, ọjọ́ kejì ó ti dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ní, "Kò burú," ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ.

Fọlá ló sọ ìyókù fún ìyá rẹ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá Fọlá gbé bàsíà òfìfo rù, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó fi wọ ọkọ̀ dé Igbole, ó rù ú gba àárín àwọn àna rẹ̀ kọjá. Ó fẹ́ dọ́gbọ́n gbé e wọ yàrá kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Àmọ́ ìyàwó ilé kan ṣe dáadáa tirẹ̀, ó sáré wá bá a sọ ẹrù. Ọwọ́ obìnrin yẹn gba bàsíà, ó fúyẹ́. Ó kàn wo ojú rẹ̀. Ìyá ẹni tó bímọ dé ilé àna pẹ̀lú òfìfo.

Àwọn obìnrin Ẹ̀dá ò bá mi jà. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo dé ìdí ẹ̀rọ, mi ò bá agbọ̀n kan ṣoṣo lórí ìlà. Mo rò pé wọn ò tíì jí ni. Mo tan ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́. Ẹ̀rọ ń ké, kò rí nǹkan lọ̀. Ìgbà tó yá ni mo rí wọn lójú títì, ẹ̀gẹ́ lórí, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ ẹlòmíì ní Iye. Bí wọ́n bá ti dé iwájú mi, wọ́n á kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, Kánsẹ́lọ̀." Gbogbo wọn ló kí mi. Ìbò dé, mo fìdí rẹmi. Nígbà tí mo délé tí mo ń ṣépè fún àwọn tó yí ìbò, ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ má ṣépè fún ara ilé yín. Èmi náà ò dìbò fún yín."

Ìyá rẹ lọ bẹ̀ wọ́n láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì padà wá díẹ̀díẹ̀. Ìyá Fọlá nìkan ni kò padà wá. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Igbole. Èmi náà? N kò lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti tutù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ọ̀gbẹ́ni kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra gaàrí níbí. Ọmọ ilẹ̀ Tiv ni, ìtàn ló ń kọ́ wọn ní yunifásítì Ọ̀yẹ́, Yorùbá rẹ̀ dà bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Mo fi ìwé mi hàn án, mo fẹ́ fi ṣe fáàrí. Ó ní òun mọ ọkùnrin náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ojú ewé tí ikán jẹ wá fún mi nínú fóònù rẹ̀, ó sì kà á sí mi létí.

Ṣé o mọ bí ó ṣe parí? Nígbà tí ìbò mìíràn dé, Òyìnbó Onírin fi àwọn olórí iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́nu géètì. Ẹni tó bá fi àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ sáyà, iṣẹ́ tó rọrùn ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ti ẹlòmíì, kó kó ẹrù kúrò nínú ilé tí ọ̀gá kọ́ fún un. Kíá, gbogbo wọn fi àmì sáyà. Wọ́n ṣí fìlà fún un, wọ́n hó yèè nígbà tó kọjá. Nígbà tí wọ́n wá ka ìbò, òpópó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kọ́ ni wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ó kó lọ sí ilé ńlá kan tó jìnnà, ibẹ̀ ló kú sí, kò sì dé ẹnu géètì yẹn mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ọ̀gbẹ́ni yẹn rò pé òun ló sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa, ó ń bẹ̀ mí.

Nítorí náà, Àkànkẹ́, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání.

Èkínní, ẹ̀rọ mi kò ní mọ káàdì. Bí àwọn èèyàn rẹ bá wá pẹ̀lú àwòrán àti àtè, wọ́n á bá mi lórí àga níwájú ilẹ̀kùn, màá sì fún wọn lómi mu, wọ́n á padà. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí o wọlé. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ ju bí o ṣe fẹ́ ẹ lọ, àgbàlagbà tó ti fìdí rẹmi mọ adùn ìborí. Ohun tí o pè ní ìrànlọ́wọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni o fẹ́ fi ti agbọ̀n ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. O ò kàn tíì rí ojú ẹni tó ni agbọ̀n náà ni.

Èkejì, má gba ìkíni gbọ́ jù. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn wa gbà ń kọ èèyàn sílẹ̀ kò láriwo. Wọ́n á kúnlẹ̀ fún ọ, wọ́n á sì gba ọ̀nà mìíràn lọ. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣì wà lọ́kàn wọn, má wo orúnkún wọn, wo ibi tí wọ́n gbé agbọ̀n wọn sí.

Ẹ̀kẹta, fetí sí ọkọ rẹ bó bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá rẹ ti ń kì mí nílọ̀ láti ìgbà fìlà gọ̀bì. Ẹni tó fẹ́ràn ẹni ló ń sọ òótọ́ fún ni, àwọn tó kù ń jẹun lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, bí o bá ṣẹ èèyàn, tètè lọ. Ọ̀rọ̀ kì í tutù. Mo mọ̀, nítorí mo dúró títí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ yẹn fi wọ yunifásítì.

Mo ti lọ báyìí. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìparí ìtàn yẹn, mo lọ wú ẹ̀gẹ́ nínú oko mi fúnra mi, mo bó o, mo gbé agbọ̀n méjì lọ sídìí ẹ̀rọ mi, mo tò sẹ́yìn ìlà. Àwọn obìnrin fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ìró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Mo yan án fúnra mi, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú, ìyá rẹ jókòó, ó ń sọ pé iná ti pọ̀ jù, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo dà á sínú bàsíà, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo rù ú. Èmi, bàbá rẹ, mo ru bàsíà wọ Igbole lọ́sàn-án gangan.

Ìyá Fọlá jókòó sábẹ́ ìbòòji. Àwọn obìnrin mẹ́ta ti wà níwájú rẹ̀, wọ́n wá gba ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àjọṣe wọn. Ó rí mi. Ó mọ̀ mí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ un. Àwọn kan ti ṣáájú rẹ."

Mo gbé e kalẹ̀, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo dúró títí òjìji fi kúrò lórí mi. Ó dá àwọn obìnrin yẹn lóhùn níkọ̀ọ̀kan, kò yára, kò falẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ tipẹ́. Ó dìde, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ bàsíà, ó gbé e sókè díẹ̀.

Ó ní, "Ó wúwo."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Ó gbé e wọlé, ó jáde pẹ̀lú omi tútù, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ ọmọ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Wọ́n ní ọmọ rẹ fẹ́ jẹ alága. Ṣé ó mọ ìlà í tò?"

Mo ní màá bi ọ́. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, Mosún. Má dá èmi lóhùn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, wá sílé, gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan dání, má mú ẹ̀ṣọ́ wá, má mú oníkámẹ́rà wá. Kí o gbé e sídìí ìlà, kí o bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí yóò fi kàn ọ́. Wọ́n á dá a mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n tò.

Bí ọjọ́ ìdìbò bá dé, èmi àti ìyá rẹ á lọ. Ìlà á gùn, oòrùn á mú, wàá sì ní àwọn èèyàn níbẹ̀ tí wọ́n á fẹ́ ṣe Bàbá Alága lóore. Jọ̀wọ́, má rán ẹnikẹ́ni wá fà mí síwájú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ajíbádé Ẹlẹ́rọ.